Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Èsì fún Àwọn Tí Ó Gbàgbọ́ Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Káńsù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di bárakú lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa, láti Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, títí dé àwọn ìletò etí ọ̀sà, tí ó sì ti ran àwọn ará ìlú pàápàá, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí a kó àkọsílẹ̀ dúkìá káńsù kúrò nínú lẹ́jà, kí a gbé e sórí ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kíláòdù, èyí tí í ṣe àwọsánmà, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ohun tí ó wà lójú ọ̀run kò sí lọ́wọ́ wa; ìwé tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni ó dájú." Gbólóhùn yìí dùn létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n irọ́ gbáà ni.

Orúkọ náà ni ó ń dẹ́rù bà wọ́n. Kò sí ìwé kankan lójú ọ̀run. Ilé ni, ilé gidi tí ó ní ògiri àti ilẹ̀kùn, tí kọ̀ǹpútà ńláńlá kún inú rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Irú rẹ̀ wà ní Èkó níbí. Bí a bá sì ṣètò rẹ̀ bí ó ti yẹ, ohun tí a bá kọ sí ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà ní òmíràn, ní ìlú mìíràn, kí ibi tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí èkíní má baà kan èkejì.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì. Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ kò fi ìtàn ọba sí ẹnu ẹnìkan ṣoṣo. Agbo àwọn arọ́kin, tí oyè olórí wọn ń jẹ́ Ológbò, ni wọ́n fi lé lọ́wọ́, tí baba ń kọ́ ọmọ, kí ikú ẹnìkan má baà di ikú ìtàn. Ẹ sì wo ohun tí ojú Àlùfáà Samuel Johnson rí, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a lè tẹ̀ ẹ́, tí ó sì sọnù sọ́hùn-ún, tí òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901 láìfojú kan ìwé náà mọ́. Ìwé àkọ́kọ́kọ àti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ. Nígbà tí a sì tún fi èyí ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e, Amẹ́ríkà ni ìdì ìwé náà sì gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, tí ìwé fi jáde ní 1921. Ẹ̀dà tí ó kù nílé ni ó gba ìtàn wa là, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́.

Ǹjẹ́ kí ni káńsù ní tí a ń torí rẹ̀ jà? Àfikún Kẹrin sí ìwé òfin ọdún 1999 ti dárúkọ rẹ̀: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, òpópónà, iná ojú ọ̀nà, gọ́tà. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà, ó sì yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè sọ, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, iye ohun tí ó ní àti ibi tí ó wà. Ní káńsù kan tí n kò ní dárúkọ, mo lọ béèrè, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, iye ṣọ́ọ̀bù tí káńsù kọ́ sí ọjà wa àti ẹni tí ó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n ní akọ̀wé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ìsìnkú. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní ó wà ní ìsinmi. Nígbà tí a sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà níkẹyìn, ikán ti jẹ ìdajì lẹ́jà, ìdajì tí ó kù sì ní ojú ewé mẹ́ta tí a ti gé kúrò, tí ojú ibi tí a gé sì tọ́ gbọọrọ. Ikán kì í mú abẹ lọ́wọ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ "ọwọ́ wa" yìí wò dáadáa. Ọwọ́ alága kọ́, nítorí àlejò ọdún díẹ̀ ni alága. Ọwọ́ kánsẹ́lọ̀ kọ́. Ọwọ́ ìyálọ́jà tí ń san owó ṣọ́ọ̀bù lóṣooṣù kọ́ rárá. Ọwọ́ ẹnìkan tí kọ́kọ́rọ́ so mọ́ ìdí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lórí ètò kíláòdù tí ó péye, dúkìá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwòrán rẹ̀, ibi tí ó wà gan-an, ọdún tí a rà á, iye owó rẹ̀ àti àtúnṣe tí a ti ṣe sí i. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, bí ó bá sì yí ohunkóhun padà, ètò náà yóò kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà àti wákàtí náà sílẹ̀, àti ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ojú ewé tí abẹ lè gé níbẹ̀.

Wọ́n á ní iná lè jó ilé kọ̀ǹpútà náà. Òótọ́ ni: ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ OVH ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tí kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn pàdánù àkọsílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀dà tiwọn wà níbòmíràn rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ iná: ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, iná jó ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìgbóṣeré ní Èkó, fáìlì ẹjọ́ sì jóná níbẹ̀. Ta ni yóò lọ wá ẹ̀dà ìwé tí kò ní ẹ̀dà? Wọ́n á ní nẹ́tíwọ́kì lè já, gẹ́gẹ́ bí ó ti já ní oṣù Kẹta ọdún 2024 nígbà tí okùn abẹ́ òkun gé létí Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ báńkì wa kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ìdádúró nìyẹn, àdánù kọ́ ni. Wọ́n á sì ní àjèjì yóò rí àṣírí wa. Àṣírí wo ni ó wà nínú iye ṣọ́ọ̀bù ọjà? Ẹni tí ń pariwo àjèjì yìí, kì í ṣe àjèjì ni ó ń bẹ̀rù, aládùúgbò rẹ̀ ni.

N kò sọ pé ẹ̀rọ ń lé olè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dé ọjà lọ ka ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà kò lè bá a kà á, bẹ́ẹ̀ ni káńsù kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láìjẹ́ pé a kọ ọ́ síbẹ̀ pé tirẹ̀ ni àkọsílẹ̀ náà, pé ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà ní ibi méjì ó kéré tán, àti pé yóò máa gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ara rẹ̀ lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ owó pàápàá kì í ṣe àwáwí mọ́, láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà.

Ìwọ òǹkàwé mi, lọ sí káńsù rẹ ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, kí o kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì ní kí wọn fi àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọjà rẹ hàn ọ́. Bí wọ́n bá ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nítòsí, jókòó dè é.