Orúkọ iPad kọ́ ló ń ránṣọ

Ọ̀rọ̀ dàríyànjiyàn nílé aránṣọ kan ní Pleasure. Owó àjọ ló bọ́ sọ́wọ́ ìyá ìbejì, ló bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì tóun yóò máa fi han àwọn oníbàárà ní sítáìlì lòún fẹ́ rà. Ọkọ ní kó lọ ra iPad Pro tòkunbọ̀ ti ọdún 2017 ní Computer Village, Ìkẹjà, pé iPad niPad ń jẹ́. Òótọ́ ni, ojú ẹ̀ mọ́ kedere, ó sì yá.

Ìyàwó fèsì: "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o. Nígbà tí Apple gbé iPadOS 18 jáde ní 2024, wọ́n yọ iPad yẹn sílẹ̀. Kò gba mẹ́mọ́rì káàdì. Bátìrì ẹ̀ náà á ti gbó, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Samsung Galaxy Tab A9 tó jáde ní 2023, tuntun nínú páálí, gba káàdì. Kò yá tó iPad, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi, á ṣe é."

Ọkọ dákẹ́. Kí ni yóò sọ? Owó kì í ṣe tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fẹ́ iPad tòkunbọ̀, ẹ rí i pé wọ́n ti yọ iCloud ẹni tó kọ́kọ́ ní in kúrò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pátákó ìrẹ́lá lẹ gbé relé yẹn o.