Ẹyin Kì Í Sọ Ọmọ Di Olè

Ọ̀rọ̀ kan ti gbó lẹ́nu àwọn òbí àti àwọn àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì, etí sì ti kún fún un wàyí: wọ́n ní ọmọdé tó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran yóò di olè. Àlàyé wọn kò ju pé ẹnu tó bá ti mọ adùn láti kékeré yóò jí owó lọ́jọ́ tí kò bá rí i jẹ, kò sì sí ẹ̀rí tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn ju pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a lẹ́nu àwọn ìyá wọn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ àwọn tó ń sin adìẹ ni ì bá kún ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn tú wò dáadáa ni bí wọ́n ṣe ń pín ọbẹ̀ nínú ilé. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Ẹran mẹ́ta, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ wọ inú abọ́ bàbá, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́ta gba omi ọbẹ̀ àti ẹran tí kò tó èékánná, èyí tí wọ́n tún pàṣẹ pé kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ títí òkèlè yóò fi tán. Bàbá yìí ti ń jẹ ẹran láti ogójì ọdún, kò sì sí ẹni tó fura sí i pé yóò jalè. Èwo wá ni ti ọmọ? Nígbà tí ọmọ yìí bá wá ṣí ìkòkò lóru nítorí pé ara rẹ̀ ń béèrè ohun tí wọ́n fi dù ú, wọn a nà án, wọn a pè é lólè, wọn a sì fi í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn. Ìwà ìkà gbáà ni èyí! Àgbà ló fẹ́ jẹ ẹran, ó wá fi ẹ̀kọ́ ilé bò ó mọ́lẹ̀.

Ara ọmọ ló ń san gbèsè náà. Purotéènì, ìyẹn èròjà tí ara fi ń kọ́ iṣan àti ẹ̀jẹ̀, tó nǹkan bíi gíráàmù 6 nínú ẹyin adìẹ kan, nígbà tí 100 gíráàmù iṣu sísè kò ní ju bíi gíráàmù 1.5 lọ. Ti ọ̀gì tún burú sí i, nítorí pé bí wọ́n bá ti fi asẹ́ sẹ́ àgbàdo tí wọ́n lọ̀, apá kan nínú purotéènì àti ọ̀rá rẹ̀ yóò bá èérí lọ, èérí yìí ni wọ́n sì ń dà fún ewúrẹ́. Ní 1933 ni Dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Ghana, kọ̀wé nípa àìsàn àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí irun wọn ń pọ́n. Ní 1935 ló pè é ní kwashiorkor, orúkọ tó gbà lẹ́nu àwọn Gã. Ìmẹ̀sí-Ilé, tó bá Èkìtì pààlà, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti ń wọn àwọn ọmọdé ní ìparí àwọn ọdún 1950, tó ń fi ìwọ̀n wọn sórí káàdì kí ìyá lè tètè rí i bí ọmọ bá ń rù.

Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kí ọmọ oṣù 6 sí oṣù 23 máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin lójoojúmọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè po edé lílọ̀ tàbí ẹ̀wà sóyà mọ́ ọ̀gì, kó sì fi mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún un. Èyí kò le rárá. Ẹyin tí adìẹ ilé bá sì yé, kí wọ́n kọ́kọ́ sè é fún ọmọ tó kéré jù, kí wọ́n tó ronú kan àlejò.