Kálámù Ìlú Kì Í Ṣe Ti Ẹgbẹ́ Òṣèlú Kankan



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin wa. Àwọn kan ní ẹni tó bá ń kọ ìwé ìròyìn wa yìí kò gbọdọ̀ ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn mìíràn ní bó bá ti ní in, kó kúkú fi ìwé náà ṣiṣẹ́ fún un. Àwa ò gbà fún ìhà kankan.

Ta ni kò ní ẹgbẹ́ nínú wa? Ẹni tó kọ̀wé láàárọ̀ ló ń jókòó nípàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Bí a bá lé gbogbo ẹni tó ní èrò, ta ló kù tí yóò kọ̀wé? Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, dá Le Messager Dahoméen sílẹ̀ ní Paris ní 1920. Kò fi pamọ́ pé òun ń bá àwọn amúnisìn wí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Àjàṣẹ́ ní 1923, wọ́n lé e lọ sí Mauritania. Èrò rẹ̀ kò ba ìwé rẹ̀ jẹ́. Òun ló mú kó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Ehuzu. Àwa tí a ṣiṣẹ́ ọba lábẹ́ PRPB rántí dáadáa: ẹgbẹ́ kan, ìwé kan, ohùn kan. Nígbà tí a ò rí owó oṣù gbà ní 1989, inú yàrá la ti ń ṣàròyé. Lẹ́yìn Àpérò Orílẹ̀-èdè oṣù kejì 1990 ni wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ sí La Nation. Ṣé ibẹ̀ la tún fẹ́ padà sí?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé, "Ojú ewé tèmi ni mo kọ ọ́ sí." Orí Twitter tirẹ̀ ni Ignace Sossou kọ ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba sí ní oṣù kejìlá 2019. Ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù. Ìyà yẹn pọ̀ jù lójú wa. Àmọ́ ó kọ́ wa pé oníròyìn ò ní ẹnu méjì.

Àwa náà ti ṣẹ̀. Níbò kan, a fi ìpàdé ẹgbẹ́ tí a fẹ́ràn sójú ewé àkọ́kọ́, a fún èkejì ní ìlà mẹ́ta lẹ́yìn ìwé. Wọ́n bá wa wí, wọ́n sì jàre.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè rèé. Ẹni tó bá fẹ́ dupò, kó gbé kálámù sílẹ̀ títí ìbò á fi parí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ olóṣèlú, ì báà jẹ́ owó ọkọ̀ ni wọ́n pè é. Ẹni tí a bá fẹ́ bá wí, ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ tiwa ló ṣẹ̀, ojú ewé kan náà ni kó wà.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí Ìdìrókò ò ṣí títí di oṣù kẹrin 2022, ebi ò bèèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tajà ní Ìgòlò. Àwọn la ń kọ̀wé fún. Ìlú ló ni kálámù yìí. A kàn bá wọn mú un lọ́wọ́ ni.