Ìtàn Ni Venice Ń Tà, Kì í Ṣe Omi

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Venice lórílẹ̀-èdè Ítálì. Ìgbafẹ́ lásán ni. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa kò lóǹkà: omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Ìyá wa wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, "Ṣé àgbàrá ló ya wọ ìlú ọ̀hún ni?"

Ẹ̀rín la fi gbà á. Orí àwọn erékùṣù kéékèèké tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀sà ni wọ́n tẹ Venice dó sí. Igi ni wọ́n rì mọ́ inú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e lórí. Omi ló dípò títì: ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èrò, òun ló ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, òun náà ló ń kó pàǹtí. Àlejò pọ̀ débi pé láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò 5 lọ́wọ́ ẹni tí kò ní sùn mọ́jú, láwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wálé Kérésì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọ̀rọ̀ omi kọ́ ló kún ẹnu wọn. Ìtàn ni. Wọ́n sọ ti afárá Rialto, tí wọ́n parí lọ́dún 1591. Wọ́n sọ ti afárá kékeré kan tó so ààfin olórí ìlú pọ̀ mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Afárá Ìmí-Ẹ̀dùn ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá a máa mí kanlẹ̀ bó ti ń wo ìta fún ìgbà ìkẹyìn. Ta ló sọ gbogbo èyí fún wọn? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa mú àlejò káàkiri ni.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, ìyàwó wa nawọ́ sí àpáta Olósùnta, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, kí ni àpáta yín yìí ṣe fún yín tí ẹ fi ń ṣọdún rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àpáta wa ni. Láti ayé àwọn baba wa ni wọ́n ti ń ṣe é." Ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkẹ́rẹ́, tó jáde ìwé mẹ́wàá ní Ìkẹ́rẹ́, gbólóhùn méjì péré ló ní lórí Olósùnta. Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Tiwa ti yí padà: oko baba ẹlòmíràn la mọ̀ dunjú, ti baba wa la ò dé.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyàwó wa. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá lọ wo Olúmọ yóò gbọ́ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá wá sábẹ́ rẹ̀ nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830. Wọ́n á fi ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí hàn án. Ó máa sanwó kó tó wọlé, kò sì ní kùn. Àpáta ni Olúmọ, àpáta ni Olósùnta. Ẹnu tó ń ròyìn ni wọ́n fi ju ara wọn lọ.

Èrò tèmi ni pé ohun àwòyanu kò wọ́n wa ní gúúsù Èkìtì. Asọ̀tàn ló wọ́n wa. Ẹ jẹ́ ká mú ti Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀ ní Ìsẹ̀-Èkìtì, tó sì kú lọ́dún 1938. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, ó ṣe ọnà bí Ògògà ṣe gba òyìnbó aṣojú ìjọba lálejò, tí àwọn ènìyàn gbé òyìnbó náà rù wá. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley lọ́dún 1924. British Museum fẹ́ ẹ. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Títí dòní, Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn wà. Ọ̀kan nínú òpó náà wà ní Chicago. Ẹ̀gbọ́n mi àti ilẹ̀kùn ààfin ọba rẹ̀ jọ ń gbé ìlú kan náà. Venice ló wọ bàálù lọ wò. Mi ò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Àwọn kan á ní ọ̀nà ò dára, ajínigbé wà nígbó. Òótọ́ ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n jí ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹmùré-Èkìtì níbí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí wewu nítorí ìgbafẹ́, ìjọba ló sì yẹ kó dáàbò bo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbígba ìtàn sílẹ̀ kò dúró de ọ̀dà títì. Ẹni tó máa jókòó ti àgbà ló ń retí.

Iṣẹ́ wa nìyẹn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Lọ́dọọdún là ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí oríkì, orúkọ àti ọdún ìbílẹ̀. Wọ́n á dì í, eruku á bò ó. Ẹ jẹ́ ká máa sọ wọ́n di ìtàn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a lè sọ fún àlejò lójú ibi tọ́rọ̀ kàn. Ohun tí àwọn tó ni ọdún bá ní kò ṣeé sọ, ká fi sílẹ̀. Yunifásítì Bamidele Olumilua wà ní Ìkẹ́rẹ́ láti ọdún 2020; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè máa mú àlejò káàkiri lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n sì gbowó iṣẹ́ wọn. Ṣebí wọ́n ní kò síṣẹ́ fún ẹni tó ka Yorùbá? Iṣẹ́ rèé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ lọ sí Venice, ẹ gbádùn ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mú ọkọ tàbí aya yín dání, ẹ lọ béèrè ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Bí ẹ bá sì wálé, ẹ fún àgbà kan ní ọ̀sán kan, kí ẹ tan fóònù yín láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àmọ́ bí a kò bá béèrè nísinsìnyí, àrọ́bá pàápàá kò ní kù.