Ẹ má bú ófùn tuntun, ìwà ẹ̀ lẹ ò tíì mọ̀

Ìyàwó ilé tó ti ń fi ìkòkò, iyanrìn àti èédú yan kéèkì tipẹ́, tó sì ń dáa, ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ bá gbé kúkà onígáàsì tó ní ófùn wọlé ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ á jóná nísàlẹ̀, àárín ẹ̀ á rì bíi kòtò, inú á sì tún tutù. Ẹyin ti ṣòfò, bọ́tà ti ṣòfò, àwọn ọmọ tí wọ́n pè sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ló bá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún ọkọ òun. Bó ṣe di pé ìkòkò àti páànù ló ń kó sínú ófùn olówó gọbọi nìyẹn!

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi ófùn kọ́ o. Àlejò ni, ẹ ní láti mọ ìwà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rán an níṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé, ẹ yọ gbogbo ọ̀rá àti bébà inú ẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ tanná sí i lófìfo fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èéfín tẹ́ ẹ máa rí yẹn, òróró tí wọ́n fi pa irin ẹ̀ lára níbi tí wọ́n ti ṣe é ló ń jó. Tó bá jẹ́ onígáàsì, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tanná. Bí gáàsì bá sì ti ń rùn, ẹ má ṣáná rárá! Ẹ pa á, kẹ́ ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà lọ ná.

Ẹ má gba nọ́ńbà ara ẹ̀ gbọ́ tán o. Ó lè sọ pé 180 dìgíríì Celsius lòun wà, kó jẹ́ 200 ló wà nínú. Tẹmọ́mítà ófùn ló dáa jù, àmọ́ ṣúgà náà lè tú àṣírí ẹ̀, torí nǹkan bíi 186 ló máa ń yọ́. Ẹ da ṣíbí ṣúgà kan sínú abọ́ tó lè gba iná, ẹ gbé e sí 175 fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá yọ́, ófùn yẹn ń gbóná jù. Ẹ tún fi òmíì sí 190. Bí kò bá yọ́, iná ẹ̀ kéré nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbé kéèkì sí i, ófùn ti gbọ́dọ̀ gbóná fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ọ̀pọ̀ kéèkì ló ń fẹ́ 180. Tí ófùn bá ní fáànù nínú, 160 ti tó. Àárín ni kẹ́ ẹ gbé e sí, torí ìsàlẹ̀ ni iná ọ̀pọ̀ onígáàsì wà.

Ẹ wá mójú kúrò níbẹ̀ o! Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn ni ooru ń jáde, kéèkì tí inú ẹ̀ ò tíì gan á sì rì. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná ni kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ fi ọwọ̀ tó mọ́ gún àárín ẹ̀. Tí nǹkan kan ò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná. Bí orí kéèkì bá sán, tó ga bí òkè, iná ló pọ̀ jù. Bó bá wú tán tó tún rì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé béékìn páódà ti pọ̀ jù tàbí kò tíì jinná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbaṣẹ́ kéèkì, kéèkì kékeré ni kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ dán an wò, kì í ṣe kéèkì ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ìkòkò inú ófùn yẹn ńkọ́? Ẹ kó wọn jáde kẹ́ ẹ tó ṣáná o.