Ẹ̀yin oníṣòwò Libreville, ẹ ronú kí ẹ tó ra dísìkì

Láyé àtijọ́, ìwé gbèsè tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ni oníṣòwò fi ń mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ayé ti yí padà. Ọmọ Yorùbá tó lọ ṣòwò ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, ìbáà ti Nàìjíríà lọ, ìbáà ti Benin lọ, lè má ní ìwé gbèsè kankan nílé mọ́. Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni gbogbo rẹ̀ wà: orúkọ àwọn ajigbèsè, rìsíìtì ọjà, fọ́tò ìgbéyàwó tí oníbàárà ti san àsansílẹ̀ lé lórí, àti ẹ̀dà ìwé ìgbélùú pẹ̀lú. Nígbà tí àyè bá tán nínú ẹ̀rọ náà, ìbéèrè kan ni oníṣòwò ń gbé lọ sí ọjà Mont-Bouët: ṣé dísìkì tí wọ́n ń dè mọ́ inú kọ̀ǹpútà ni kí òun rà ni, àbí èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ọn láti ìta? Lédè Faransé, wọ́n ń pe ti inú ní disque dur interne, wọ́n sì ń pe ti ìta ní disque dur externe. Ẹni tó bá fi iye owó nìkan dá ìbéèrè yìí lóhùn, àfàìmọ̀ ni kò ní kábàámọ̀.

Iṣẹ́ dísìkì méjèèjì kò jọra. Àwo pẹlẹbẹ tó ń yí bírí-bírí ló wà nínú háàdì dísìkì. Lọ́dún 1956 tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde, àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, síbẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo láti inú kámẹ́rà òde òní lè gba àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, èyí tó wọ àpò ẹ̀wù ń gba tẹ́rábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní SSD. Kò ní àwo, kò sì sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yára ju ti alàwo lọ fíìfíì.

Ti inú ló dára jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí Windows àti fáìlì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ máa gbé. Háàdì dísìkì alàwo kì í sábà ka ju mẹ́gábáìtì 250 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n SSD tí wọ́n so mọ́ ojú SATA lè ka tó 550. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń fà bí ìgbín lè di ọ̀tun bí wọ́n bá fi SSD kékeré sí i nínú. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n ní láti tú àpótí kọ̀ǹpútà, ohun tó bá sì ṣe kọ̀ǹpútà lè ṣe òun náà. Bí mànàmáná bá ba ẹ̀rọ jẹ́, bí àgbàrá bá wọ ṣọ́ọ̀bù, bí olè bá gbé àpótí lọ, ti dísìkì inú náà tán nìyẹn.

Ti ìta kò nílò títú. Èyí tó kéré ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi ní wáyà iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tí iná ń dá kú mọ́ lọ́wọ́ sì gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Ojú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ tún ṣe pàtàkì. Gígábáìtì 100 lè gbà tó ìṣẹ́jú 50 kó tó wọlé tán lórí USB 2.0 tó jáde lọ́dún 2000. Lórí USB 3.0 tó jáde lọ́dún 2008, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lè tó. Àléébù ti ìta ni pé ó rọrùn láti já bọ́, ó sì rọrùn láti jí.

Ẹni tó wà nílé ara rẹ̀ lè dúró síbi ọ̀rọ̀ yíyára àti owó. Ẹni tó wà ní àjò kò lè dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì bá a lọ. Gabon náà ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun àgbàṣe kọlu Cotonou ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 1977, Benin fẹ̀sùn kan Gabon pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìjà náà le títí di oṣù Keje ọdún 1978, tí Ààrẹ Omar Bongo lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin, orílẹ̀-èdè tí Kétu wà, kúrò ní Gabon. Láìpẹ́ yìí, ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, ìjọba Ààrẹ Brice Oligui Nguema kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Àtúnṣe fóònù àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wà lára wọn.

Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa lọ kò ní ráyè gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ohun tó wọ àpò ló máa bá a délé. Bí àkọsílẹ̀ gbèsè àti ìwé ọjà rẹ̀ bá wà nínú dísìkì kékeré, ó ṣì lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti òkèèrè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ òfo ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè ní orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn ń kó tàwọn sí. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ọjọ́ ìdìbò Gabon, ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìjọba pa íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì padà wá títí di ọjọ́ 30 tí àwọn ológun gba ìjọba. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí owó kò sì ju ti ẹyọ kan lọ, dísìkì ìta ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ rà. Bí owó bá tún yọ, kó fi SSD sínú. Ṣùgbọ́n kó má ṣe kó fáìlì kúrò nínú kọ̀ǹpútà lọ sí ìta, kó wá pa ti inú rẹ́, kó ní òun ti tọ́jú rẹ̀. Ẹyọ kan náà ló ṣì ní. Ibùgbé rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ̀dà méjì ni ìtọ́jú.

Kó máa ṣe ẹ̀dà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì yọ wáyà lẹ́yìn rẹ̀, torí fáírọ́ọ̀sì tó wọ kọ̀ǹpútà lè wọ dísìkì tí wọ́n fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Kó fi páásìwọ́ọ̀dù tì í nítorí olè. Ọ̀rinrin pọ̀ ní Libreville tó wà létí òkun, kó yáa fi dísìkì sínú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi. Bí wọ́n bá sì ń ta tẹ́rábáìtì 16 fún un ní owó ọ̀pọ̀, kó sá. Ayédèrú irú rẹ̀ pọ̀: yóò ní òun gba gbogbo fáìlì, ṣùgbọ́n èyí tó wọlé kẹ́yìn ń pa ti ìṣáájú rẹ́ ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Àjò ò lè dùn kí onílé má relé. Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò relé lọ́jọ́ kan, yálà tinútinú tàbí tipátipá, kó ti di ẹrù dísìkì rẹ̀ sílẹ̀ láti òní.