Ọ̀pá Ìwọ̀ Wo Ló Yẹ Odò Ẹ̀rìnlẹ̀?



Látìgbà táwọn kan ti rí ọ̀pá ìwọ̀ òyìnbó lórí fóònù, èyí tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká okùn, ni wọ́n ti ń tọ́jú owó oúnjẹ láti rà á. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi owó náà jẹun.

Ẹni tó ń pẹja létí òkun l'Ékòó ló nílò ẹ̀rọ yẹn, torí ó gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ jìnnà, kó sì ra èyí tí omi iyọ̀ ò ní tètè mú dípẹtà. Ẹ̀rìnlẹ̀ tiwa kì í ṣe omi iyọ̀, ẹja rẹ̀ ò sì jìnnà sí koríko etí odò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ ẹ̀. Ẹ gé ọparun tó gùn, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ so okùn ọ̀rá mọ́ ọn. Ìwọ̀ kékeré ni fún èpìyà, torí ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀. Ìwọ̀ ńlá ni fún àrọ̀, kí ekòló sì rì dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí: ẹni tó bá gbà pé láìsí ọ̀pá olówó ńlá kò sẹ́ja, Gamalin ló lè sá lọ bá. Oògùn kòkòrò kòkó nìyẹn o! Ó ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ọmọ ẹja, ó sì ń ba omi jẹ́. Ìwọ̀ kan, ẹja kan ni. Tí èyí tẹ́ ẹ mú bá kéré, ẹ dá a padà sómi, kódò lè lẹ́ja lọ́dún tó ń bọ̀.